Àǹtí Kheng àti Igi Tùràrí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àǹtí Kheng kò mọ ìjókòó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gé irun ní òdìkejì ìsọ̀ rẹ̀ ní ìgboro àtijọ́ Tembusu, n kò rí i rí kó fẹ̀yìn ti àga. Bí kò bá máa bu wàrà sóyà sínú abọ́ fún oníbàárà, á máa nu tábìlì tó ti mọ́. Bí tábìlì bá sì mọ́ jù, á sọdá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, á wo orí ẹni tó wà lórí àga, á ní, "Perumal, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gùn ju tòsì lọ." Nígbà míì òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló sì máa ń dùn mí.

Lew Sau Kheng lorúkọ rẹ̀ ní kíkún, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta wàrà náà, tó ń fi ọ̀pá ru ìkòkò méjì léjìká kiri ibi tí wọ́n ti ń wa tánganran, nígbà tí tánganran ṣì ń bọ́ ìlú wa. Kheng jogún ìkòkò, ó jogún ọlọ, ó sì jogún ẹnu mímú. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń lọ ẹ̀wà, nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́fà wàrà á ti dì, á rọ̀ débi pé bí o bá mí sí i, á gbọ̀n. Omi ṣúgà tó fi atalẹ̀ sè ló máa ń bù lé e lórí. Oníbàárà tó bá ní kó dín atalẹ̀ kù, á ní kó lọ mu omi nílé rẹ̀. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Aṣọ búlúù tàbí aṣọ aláwọ̀ eérú ló ń wọ̀. Pupa kì í kan ara rẹ̀, kódà nígbà ọdún tuntun àwọn Ṣáínà bíi tirẹ̀, tí gbogbo ilé tó wà ládùúgbò bá pọ́n bí ata.

Pupa yẹn ní ìtàn, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní òpópónà wa. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, Lew Sau Lan, tí ó fi ọdún mẹ́fà jù. Ó ku oṣù díẹ̀ kí Lan lọ sílé ọkọ ni ìyá wọn kú. Àṣà wọn ni pé bí òbí bá kú, ọmọ tó fẹ́ ṣègbéyàwó gbọ́dọ̀ ṣe é kí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á dúró di ọdún mẹ́ta. Ìdílé ọkọ ní àwọn kò lè dúró ọdún mẹ́ta. Ní ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, Lan wọ pupa, àwọ̀ tí ìyàwó máa ń wọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àkísà dúdú ọ̀fọ̀ ṣì wà lápá aṣọ Kheng, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìyàwó tuntun wá kan ilẹ̀kùn pé kí ẹ̀gbọ́n òun jáde wá sin òun dé ìdí ọkọ̀. Ó dúró síta títí oòrùn fi mú. Láti inú ilé ni Kheng ti dá a lóhùn: "Koríko kò tíì hù lórí ibojì ìyá wa, o ti ń wá pupa wọ̀. Máa lọ, n kò mọ̀ ọ́ mọ́." Lan náà kò gbẹ́nu dákẹ́. Ó ní, "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kú, ẹyọ igi tùràrí kan ṣoṣo, n kò ní í tàn án fún yín." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọkọ̀ gbé Lan lọ sí Kampar, ìrìn wákàtí kan péré nínú bọ́ọ̀sì, wọn kò sì fojú kan ara wọn mọ́ fún ọdún mọ́kànlélógójì.

Lọ́dún kan tí ibà dá a dúbúlẹ̀, tí mo gbé omi ẹran adìẹ lọ fún un, ó dì mí lápá mú. Ó ní, "Perumal, kí n má kú kí n tó rí ọmọ yẹn o." Mo ní, "Ẹ lọ bá a nílé rẹ̀, kò jìnnà." Ó ju ọwọ́ mi nù bíi pé mo ṣépè fún un. "Ta ni? Èmi? Èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n ni?" Ọjọ́ kejì ó ti dìde, ó ń nu tábìlì.

Báyìí ọ̀rọ̀ wà kí àwọn tó ń ya àwòrán sára ògiri tó dé. Ọ̀gbẹ́ni Yeoh tó ni ilé kọfí ìkángun òpópónà ni alága ìgbìmọ̀ tó pinnu pé ìgboro àtijọ́ gbọ́dọ̀ tún dùn ún wò. Àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí ìlú ńlá, ewédò ti bo ògiri, àwọn ẹyẹ nìkan ló ń gbé òkè ilé. Wọ́n pe ayàwòrán kan, Norashikin, tí a ń pè ní Shikin, obìnrin ẹni ogójì ọdún tó ń gun àkàbà bí ọ̀bọ. Láàárín ọdún kan, ológbò ńlá ti ń sùn lára ògiri ilé àtijọ́ ayánilówó, àkùkọ ń kọ lára ògiri ẹ̀yìn ọjà, àwọn obìnrin tó ń fi igbá pẹrẹsẹ jọ tánganran nínú odò sì ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àlejò ń wá láti ibi gbogbo wá ya fọ́tò. Mo bínú sí wọn gan-an, nítorí wọ́n máa ń dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi bíi pé èmi gan-an ni ológbò. Àmọ́ n kò ní purọ́, ìlú náà tún ní ojú. Ẹni tó bá ní òun ò dúró wo àkùkọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, irọ́ ló ń pa.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ó kan òpópónà tiwa, Àǹtí Kheng ni wọ́n sì máa yà sára ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀. Mo lọ bá Yeoh. Mo ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fá irùngbọ̀n yín, orí tèmi ò wá sí yín lọ́kàn?" Ó ní, "Perumal, ta ló fẹ́ jí lówùúrọ̀ kó rí ojú ẹ?" A jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn fún ọjọ́ méjì.

Bí Shikin ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyí: á kọ́kọ́ fi dúdú, funfun àti eérú ya gbogbo rẹ̀ pátá. Bó bá gbẹ dáadáa, á wá fi àwọ̀ bò ó. Bẹ́ẹ̀ ló ya Kheng, orí dé àyà, ojú ń wo ènìyàn kòrókòró, ó ga tó ilẹ̀kùn méjì. Ó jọ ọ́ débi pé mo tún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ kó máa sọ nípa ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ọ̀dà aláwọ̀ kò tíì dé, iṣẹ́ míì sì ń dúró de Shikin ní etíkun. Ó kó àkàbà rẹ̀, ó ní òun á padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, Kheng ti ìsọ̀, ó lọ sí ọsibítù ìlú ńlá kí wọ́n ṣí awọ funfun tó bo ojú rẹ̀ ọ̀tún. Oṣù kẹrin ni, àsìkò tí àwọn Ṣáínà máa ń ti ibi gbogbo padà wálé wá tún ibojì òbí wọn ṣe.

Ó yẹ ká ti ronú. Àwa Támílì máa ń fi òdòdó kọ́ fọ́tò òkú lọ́rùn, àwọn Ṣáínà máa ń gbé e kọ́ ògiri ní dúdú àti funfun, orí dé àyà, ojú kòrókòró. Àwọn tó ti lọ lọ́dún pípẹ́ dé, wọ́n rí ìsọ̀ ní títì, wọ́n rí àwòrán. Ẹnì kan gbé ọsàn méjì síwájú rẹ̀. Ẹlòmíràn rí ọsàn, ó gbé agolo mílíìkì tó kó iyanrìn sí wá, ó ki igi tùràrí bọ̀ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ojúbọ ti wà níbẹ̀ gidi. Èmi rò pé ìgbìmọ̀ ló ṣe é fún ẹ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo tilẹ̀ rí ẹ̀pà bíbọ̀ nínú ọ̀rá níbẹ̀, ebi ń pa mí, mo bá jẹ ẹ́.

Ọjọ́rú ni Kheng padà dé, ike wà lójú rẹ̀ ọ̀tún. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú táksí, ó ṣí ike náà díẹ̀ láti fi ojú tuntun wo ìsọ̀ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú tuntun rí ni ojúbọ òkú ara rẹ̀. Mo gbọ́ igbe, mo sáré jáde pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́.

"Ta ló pa mí?" Ó ti ju ọsàn kan sí àárín títì. "Perumal! Àtàárọ̀ dalẹ́ lo ń jókòó síbí. Ta ló pa mí?"

"Ẹ rọra, Àǹtí, ojú yín."

"Kí ojú mi fọ́! Òkú kì í ríran! Tùràrí fún ẹni tó wà láàyè? Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń pè síni lórí báyìí?"

Yeoh sáré dé, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní àṣìṣe ni, ó ní bí àwọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ kò sẹ́ni tó máa ṣì í mú mọ́. Kheng ní kí wọ́n pe Shikin lórí fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó pariwo sínú fóònù náà débi pé kò nílò fóònù: "Wá kun ọ̀dà sí mi lára kí n tó kú!"

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí àlàáfíà mọ́. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ tẹrí ba, kò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan wúwo fún oṣù kan, nítorí náà ìsọ̀ ṣì wà ní títì. Kheng tí kò lè jókòó nígbà tó ń ṣiṣẹ́ wá di ẹni tí kò níṣẹ́. Ó ń lọ sókè sódò bí adìẹ tó fẹ́ yé. Á wọ ṣọ́ọ̀bù mi, á to àwọn òòyà mi, á tún un tò, á jáde lọ wo àwòrán, á padà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: bó ṣe rí láàárín èmi àti òun nìyẹn. Mo gé etí oníbàárà kan díẹ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Gbogbo ìlú ti gbọ́ pé ó wà láàyè, ẹnikẹ́ni kò sì gbé ọsàn wá mọ́. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, igi tùràrí mẹ́ta ń rú èéfín nínú agolo, ọ̀rá ẹ̀pà bíbọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kheng dé, ó mú ìgbálẹ̀.

"Ẹ dúró," mo ní. "Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ẹ̀pà yìí wà níbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá náà."

"Ibo ló wà?"

"Mo jẹ ẹ́."

"O jẹ oúnjẹ òkú mi?"

"Ẹ ò kú! Ẹ gbọ́ mi ná. Ìṣẹ́gun sí Ìṣẹ́gun. Ta ló máa ń ka ọ̀sẹ̀ fún òkú nínú yín?"

Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ̀ jù mí lọ. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n máa ń rántí òkú, àlejò kì í sì í kà á. Ìdílé nìkan ló ń kà á. Kheng ò sì ní ìdílé ju ẹnì kan lọ lókè eèpẹ̀.

"Kò lè jẹ́ òun," ó ní. "Ẹni yẹn ti sọ pé ẹyọ kan ṣoṣo òun ò ní tàn."

Síbẹ̀ ó mú ẹ̀pà kan, ó pa á, ó jù ú sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀rá náà mọ́ àyà, ó kọjú sí ògiri. "Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù," ó ní. "Ìyá wa náà máa ń fi iyọ̀ pa ènìyàn. Mo máa ń sọ fún àwọn méjèèjì." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ méjèèjì, èyí tó sàn àti èyí tí kò tíì sàn.

Mo rò pé á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kampar lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó wọ aṣọ ìjáde, ó dé ibùdókọ̀, ó padà. Lọ́jọ́ kejì ó tún lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó padà lẹ́ẹ̀mejì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì bi mí bóyá Àǹtí ń wá nǹkan tó sọnù. Èmi fúnra mi ò lè jẹun dáadáa mọ́. Mo kàn ń wo títì.

Lọ́jọ́bọ̀ Shikin dé pẹ̀lú ọ̀dà. Ó fi iṣẹ́ etíkun sílẹ̀ nítorí ìpè Kheng kò jẹ́ kó sùn. Ó gbé àkàbà ti ògiri, ni Kheng bá jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó dúró síwájú rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án."

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ pè mí nígbà mọ́kànlá?"

"Mo ti yí ọkàn padà. Dúdú àti funfun dára. Ó bá mi mu."

Yeoh ká apá aṣọ sókè. "Ẹ ní ká kun ún, ẹ ní ká má kun ún! Àlejò ń bọ̀ láti ìlú ńlá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì! Ṣé òkú la fẹ́ fi hàn wọ́n ni?"

"Òkú ni," ni Kheng dáhùn. "Ẹ ní sùúrù títí Ìṣẹ́gun yóò fi kọjá."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tẹ̀ lé e wọnú ìsọ̀. Ara mi ti ń gbóná. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, kí lẹ ń ṣe? Ẹ ti mọ̀ pé Lan ni. Ẹ kàn jáde sí i, kí ọ̀rọ̀ tán."

Ó ń nu tábìlì. "Ó ń wá nítorí pé mo kú, Perumal. Ọdún mọ́kànlélógójì tí mo fi wà láàyè, kò wá rí. Bó bá mọ̀ pé mo wà láàyè, kò ní í wá mọ́." Ó nu ojú kan náà títí. "Ọ̀sẹ̀ méje ni ó máa ń jẹ́. Jẹ́ kí n gbà á tán."

Mo ní bí a bá ń jà, bí í ti ká kú kọ́. Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo jókòó, inú mi bàjẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago márùn-ún ni Kheng ti ń kan ilẹ̀kùn mi. Ó dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì. Òjò ti ṣú. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, obìnrin kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀rá lọ́wọ́ òsì. Ó ń tọ ògiri lọ pẹ̀lú ọwọ́, bí ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa. Kheng gbá mi lápá mú, èékánná rẹ̀ wọ ara mi.

Lan tẹ́ ẹ̀pà sílẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ sí ògiri, títì wa sì há, gbogbo rẹ̀ là ń gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, mo tún dé. Ọmọ ọmọ mi ló fi yín hàn mí nínú fóònù. N kò lè béèrè ibi tí wọ́n sin yín sí, ojú ń tì mí. Wọ́n á ní, níbo lo wà láti ọjọ́ yìí? Mo sọ pé n kò ní tan ẹyọ kan. Ẹ má ṣe rán mi létí, mo mọ̀ pé mo sọ ọ́. Ẹ gba mẹ́ta."

Ó ṣáná, kò ràn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣá òmíràn, ó tún kú. Ó ń ṣá a, ó ń jù ú nù, ó ń sunkún, ó ń bú ìṣáná.

"Ìṣáná ti tutù, kò mọ̀," ni Kheng ń sọ lẹ́nu. "Kò mọ nǹkan kan láti kékeré." Ó já agbòjò mi gbà lára ògiri, ó mú ìṣáná mi lórí tábìlì, ó sọdá títì.

Ó na agbòjò bo àbúrò rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó na ìṣáná sí i. Lan kò gbójú sókè. "Ẹ ṣeun, Àǹtí," ó ní. Ó tan mẹ́ta náà, ó gbé wọn dé iwájú orí, ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹta fún àwòrán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gba òjò fún un. Ó yíjú láti dá ìṣáná padà. "Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Kheng wí. "Ó ní iyọ̀ ẹ̀pà yẹn pọ̀ jù."

Lan sún mọ́ ọn, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ògiri, ó tún wo ojú rẹ̀. Igbe tó ké, Yeoh sáré jáde nílé kọfí pẹ̀lú asẹ́ lọ́wọ́. Lan ti jókòó sínú omi.

"Ẹ ti kú!"

"N kò kú."

"Kí ló dé tí ẹ ò kú? Mo ti sunkún tán!"

Kheng bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Lan fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. "Ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín? Níbo lẹ ti yọ? Nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ yẹn? Ẹ dúró síbẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ mi?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé..."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá! Ẹ mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá!" Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Ẹ ò yí padà, Ẹ̀gbọ́n. Mo tún dúró síta, ẹ̀yin tún wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ó gbé ọ̀rá rẹ̀, ó lọ sí ibùdókọ̀. Kheng kò lè sáré. Ó dúró sínú òjò, agbòjò wà lórí ibi tí àbúrò rẹ̀ ti dìde, òun fúnra rẹ̀ ń tutù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Kheng jókòó. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀, kò sì dìde títí ilẹ̀ fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ ibà lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fá orí oníbàárà kan ní wọ́gọwọ̀gọ, mo gbé e jáde síwájú rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Oníbàárà ló bú mi.

Shikin wá bi í bóyá òun lè bẹ̀rẹ̀. Ó mi orí pé kó máa ṣe é. Àwọ̀ wọ ojú rẹ̀ lára ògiri, ó wọ irun, ó wọ abọ́ wàrà tí Shikin ṣẹ̀ṣẹ̀ yà kún un níwájú àyà, èéfín atalẹ̀ ń jáde. Ó ku aṣọ. "Àǹtí, àwọ̀ wo ni kí n fi sí aṣọ?" Kheng ń wo títì. Shikin béèrè lọ́jọ́ Ẹtì, ó béèrè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Yeoh ní kó fi búlúù sí i, gbogbo ayé ló mọ̀ pé búlúù ló ń wọ̀. Shikin ti ń po búlúù náà nígbà tí Kheng sọ̀rọ̀ láti orí àga.

"Pupa."

Yeoh wò mí, mo wo Yeoh.

"Etí yín di ni? Mo ní pupa. Pupa tí ìyàwó ń wọ̀."

Shikin fi gbogbo ọjọ́ Àìkú àti Ajé kùn ún. Mo bú àwọn àwòrán yìí fún ọdún kan, àmọ́ nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bọ́ sára aṣọ yẹn, gbogbo òpópónà wa gbóná. Àwọn ènìyàn jáde wá síwájú ilé wọn. Kheng dúró sí àárín títì, ó ń wo ara rẹ̀, mọ́tò ń fun fèrè fún un, kò yà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. "Perumal, ṣé ọjà aláṣọ ti pa?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó jáde nínú ẹ̀wù pupa. Ó tóbi jù ú lọ, ó sì rí wúruwùru lọ́rùn, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo sunkún. Mo gbé ìkòkò wàrà dání fún un nítorí ọ̀rọ̀ dókítà, a wọ bọ́ọ̀sì. Kò padà ní ibùdókọ̀. Títí a fi dé Kampar, ó ń nu fèrèsé tó ti mọ́.

Ilé Lan ní ilẹ̀kùn búlúù. Kheng kàn án.

"Ta ni?"

"Lan, èmi ni. Mo wà níta."

Mo gbọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà: "Ẹ dúró síbẹ̀ dáadáa."

Ó sì dúró. Mo wo aago mi, ó lé ní ìdajì wákàtí. Oòrùn ti mú, ìkòkò ti ń wúwo lọ́wọ́ mi, mo sún sábẹ́ igi. Àǹtí Kheng tí kò lè dúró lójú kan kò sún ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò sún tòsì. Kò tún kan ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ojú kan yọ. Ó wo ẹ̀wù náà láti ọrùn dé ìṣẹ́tí rẹ̀, ó tún wò ó láti ìsàlẹ̀ padà sókè.

"Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé ibi ìgbéyàwó mi o, Ẹ̀gbọ́n."

"Bọ́ọ̀sì ni kò tètè dé," ni Kheng wí.

Lan ṣí ilẹ̀kùn tán.